Kánàkò, Egbé àti Àwùjọ: Àgbéyẹ̀wò Ohun tí Ìrìnnà Onídán Lè Sọ Ayé Dà

Ó ṣòro láti rí ẹ̀yà ènìyàn tí kò ní ìtàn kankan nípa ohun tí ń sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú. Yorùbá ní kánàkò, oògùn tí ìgbàgbọ́ sọ pé ó ń ká ilẹ̀ fún ẹni tí ń rìn, tí ìrìn ọjọ́ mẹ́ta yóò fi di ìrìn wákàtí díẹ̀. Wọ́n sì ní egbé, èyí tí wọ́n gbà pé ó ń gbé ẹni tí ewu dojú kọ kúrò níbi tí ó wà, tí yóò sì sọ ọ́ kalẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọ̀tá kò ti ní tó o. Àwọn Júù ní ìtàn nípa àwọn olùkọ́ mímọ́ tí ilẹ̀ ń súnkì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ohun tí èdè Hébérù ń pè ní kefitzat haderech. Àwọn Mùsùlùmí tí ń tọ ọ̀nà Súfí náà ní irú rẹ̀, tí èdè Lárúbáwá ń pè ní tayy al-ard, ìyẹn kíká ilẹ̀. Nínú àwọn ìtàn Ẹgbẹ̀rún Òru àti Ẹyọ Kan, ẹní tí ń fò ni ó ń gbé ọmọ ọba. Nínú àwọn àlọ́ tí Charles Perrault tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1697, bàtà onídán ni.

Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìtàn wọ̀nyí, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ni idán náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó sì ń fi í ṣe, nítorí náà bí ó ti fi ìlú sílẹ̀ ni ó ṣe padà bá a. Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí dá lé yàtọ̀: bí irú idán bẹ́ẹ̀ bá di ohun tí ará ìlú ń lò lójoojúmọ́ nínú ayé àròsọ kan, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọjà, sí ìlú, sí ọba, sí òfin àti sí ẹbí? Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé ìyára idán náà kọ́ ni yóò pinnu ìdáhùn. Jíjìnnà tí ibì kan jìnnà sí ibòmíràn ni ìpìlẹ̀ tí a kọ́ ọ̀pọ̀ ètò àwùjọ lé, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ń dárúkọ rẹ̀. Bí a bá yọ ìpìlẹ̀ náà, ètò kọ̀ọ̀kan yóò ní láti wá òmíràn tàbí kí ó wó, ohun tí yóò sì rọ́pò rẹ̀ wà lọ́wọ́ ohun mẹ́ta: ẹni tí ó ni idán náà, iye tí lílò rẹ̀ ń náni, àti ohun tí idán náà kò lè ṣe. Ìtàn ètò ìrìnnà ní ayé gidi, pàápàá ní ilẹ̀ Yorùbá láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, kún fún ẹ̀rí tí ó lè la ọ̀rọ̀ náà yé wa.

Oríṣi ìrìnnà onídán

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya oríṣi idán náà sọ́tọ̀, nítorí pé irú àwùjọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè bí kò rí bákan náà. Àkọ́kọ́ ni ti ìyára, èyí tí kánàkò jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀: ẹni tí ń lò ó ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn, ó ṣì ń gba àárín ìlú àti igbó kọjá, àkókò tí ó ń lò lọ́nà nìkan ni ó dín kù. Èkejì ni ti fífò, níbi tí arìnrìn-àjò ti bọ́ lọ́wọ́ odò, òkè àti bodè, ṣùgbọ́n tí ojú òfuurufú ṣì jẹ́ ọ̀nà tí ojú lè ṣọ́. Ẹ̀kẹta ni ti ìpòórá, bíi ti egbé, níbi tí ènìyàn ti kúrò ní ibì kan tí ó sì yọ ní ibòmíràn láìgba àárín wọn kọjá rárá. Ẹ̀kẹrin ni ti ẹnu-ọ̀nà onídán, ìyẹn ilẹ̀kùn méjì tí ó jìnnà síra wọn gan-an, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó bá wọ ọ̀kan yóò jáde láti inú èkejì.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ṣe pàtàkì ju bí ó ti hàn lójú lọ. Ìpòórá wà lára ẹni tí ó ní in, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí yóò lò ó tàbí ibi tí yóò gbà yọ. Orí ilẹ̀ ni ẹnu-ọ̀nà wà, ilẹ̀ sì ní onílẹ̀. Nítorí náà a lè fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu-ọ̀nà, a lè gba owó níbẹ̀, a sì lè tì í nígbà tí ó bá wu ẹni tí ó ni ín. Àwùjọ tí ó ní ìpòórá yóò máa wá bí òun yóò ṣe ká ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ kò. Àwùjọ tí ó ní ẹnu-ọ̀nà yóò máa wá bí òun yóò ṣe bọ́ lábẹ́ àwọn onílẹ̀kùn.

Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé ti fi hàn

D. O. Fágúnwà fi egbé sí ara àwọn oògùn inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí ó jáde ní 1938. Síbẹ̀, nígbà tí ọba rán Àkàrà-ogun àti àwọn akọni ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Lángbòdó, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín, ohun tí ojú wọn rí lọ́nà ni ó sì di ìtàn. Ètò tí ó wà lẹ́yìn èyí bá ìgbàgbọ́ Yorùbá mu. Nínú ìgbàgbọ́ náà, kánàkò àti egbé kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ń ní: ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ, jagunjagun àti adáhunṣe ni wọ́n wà, wọ́n ní èèwọ̀ tí ó lè sọ wọ́n di asán, ìkọ̀kọ̀ ni a ti ń gbà wọ́n, ẹni tí ó sì ní in ni wọ́n wúlò fún, wọn kò wúlò fún ẹrù ọjà tàbí fún odindi ọmọ ogun. Àwọn baba ńlá tí wọ́n ro oògùn wọ̀nyí ti mọ ọgbà yí wọn ká, ọgbà náà ni kò sì jẹ́ kí ayé inú ìtàn wọn dojú rú.

Alfred Bester, ará Amẹ́ríkà, wó ọgbà náà pátápátá nínú The Stars My Destination, tí ó jáde ní 1956. Nínú ayé ìwé náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò lè fi agbára ọkàn gbé ara rẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó wà gan-an, kí ó sì lè fi ojú inú rí ibi tí ó ń lọ. Kò sì sí ẹni tí ó lè fò kọjá 1,000 máìlì lẹ́ẹ̀kan. Láti ara òfin kékeré wọ̀nyí ni Bester ti fa odindi àwùjọ jáde. Inú òkùnkùn biribiri lábẹ́ ilẹ̀ ni ọgbà ẹ̀wọ̀n wà, kí ẹlẹ́wọ̀n má baà mọ ibi tí ó wà. Ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ ni àwọn ọlọ́rọ̀ fi ṣe ẹnu-ọ̀nà ilé wọn, kí àlejò má baà rí inú ilé tí yóò fi lè fò wọ̀ ọ́ lóru. Ọkọ̀ àtijọ́ tí ó lọ́ra ni ọlọ́lá ń gùn láti fi ọlá hàn, nítorí pé ìyára ti di ti gbogbo mẹ̀kúnnù. Àwọn ìdílé ńlá sì ń ti àwọn obìnrin wọn mọ́lé ju ti ìgbà ìṣáájú lọ, torí ìbẹ̀rù ohun tí òmìnira ìrìn lè mú wá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òmìnira tuntun tí a fún gbogbo ènìyàn lè bí ìdè tuntun fún àwọn tí kò lágbára.

Larry Niven tẹ̀ lé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní 1973 nínú ìtàn rẹ̀, Flash Crowd. Àgọ́ kéékèèké tí ń gbé ènìyàn láti àdúgbò kan dé òmíràn ni ó wà nínú ìtàn náà. Ìjà kékeré kan bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìtajà, ìròyìn gbé e, láìpẹ́, àwọn òǹwòran, àwọn aláìníṣẹ́ àti àwọn olè ti ya bò ó láti gbogbo ilẹ̀, ìjà náà sì di rògbòdìyàn. Nínú àwọn ìwé Harry Potter ti J. K. Rowling, tí àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1997, ìjọba àwọn oṣó ní ẹ̀ka tí ń bójú tó ìrìnnà onídán: ẹni tí yóò máa pòórá gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 17 kí ó sì gba ìwé àṣẹ, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa lè fi apá kan ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, a sì ti fi idán dí ilé ẹ̀kọ́ ńlá wọn kí ẹnikẹ́ni má lè yọ sí inú rẹ̀. Nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí, ohun tí ó mú ayé náà ṣe é gbà gbọ́ ni ààlà tí òǹkọ̀wé fi sí idán àti òfin tí àwọn ènìyàn inú ìtàn fi lé e lórí.

Ọjà àti òwò

Ọjà ni yóò kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ọ̀pọ̀ ìlú ni ó ní ọjà ọrọọrún, ìyẹn ọjà tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún, bí a bá ka ọjọ́ tí wọ́n ná an mọ́ ọn. Àwọn ìlú tí ó wà nítòsí ara wọn sì pín ọjọ́ láàárín ara wọn kí ọjà wọn má baà bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ìrìn ẹsẹ̀ ni ó fa ètò yìí. Oníṣòwò kò lè wà ní ọjà mẹ́rin lọ́jọ́ kan, àwọn tí ń ra ọjà ní abúlé kan kò sì pọ̀ tó láti bọ́ ọjà ojoojúmọ́, nítorí náà ọjà fúnra rẹ̀ ni ó ń yípo. Níbi tí gbogbo ènìyàn bá ti lè dé ibi gbogbo láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdí tí ọjà fi ń yípo ti parí. Ọjà kan tàbí méjì yóò gbé gbogbo ìyókù mì, ìlú tí ọjà náà bá sì bọ́ sí lọ́wọ́ yóò lówó ju gbogbo ìlú tí ó yí i ká lọ.

Àwọn tí ó kàn lẹ́yìn náà ni àwọn alájàpá, ìyẹn àwọn tí ń ra ọjà níbi tí ó ti pọ̀ lọ tà níbi tí ó ti wọ́n. Èrè wọn kò ju ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iye owó ní ìlú kan àti òmíràn lọ, jíjìnnà sì ni ó ń dá ìyàtọ̀ náà sí. Kí wáyà tẹlígíráàmù abẹ́ òkun tó so Yúróòpù mọ́ Amẹ́ríkà láìjá ní 1866, ó ń gba ìròyìn iye owó òwú ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láti rin láti Liverpool dé New York. Lẹ́yìn tí wáyà náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iye owó òwú ní ìlú méjèèjì túbọ̀ sún mọ́ ara wọn. Bí ìròyìn nìkan bá lè ṣe èyí, idán tí ń gbé ọjà fúnra rẹ̀ yóò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìyàn tí ó dá lórí pé oúnjẹ wà ní ibì kan tí kò sí ní ibòmíràn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, oore ńlá ni èyí sì jẹ́, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ kò lọ́ràá yóò máa bá àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ dára jù lọ láyé du ọjà kan náà.

Nítorí náà ni ìbéèrè nípa ẹrù fi wúwo. Idán tí ń gbé ènìyàn nìkan yóò yí ìbẹ̀wò, ìṣàkóso àti amí padà, ṣùgbọ́n aláàárù, ọlọ́kọ̀ àti atukọ̀ yóò ṣì rí iṣẹ́ ṣe. Idán tí ń gbé ẹrù yóò pa iṣẹ́ wọn run. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ ojú omi Ideal X ti Malcom McLean gbé kọ̀ǹténà 58 láti Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà, kò sì ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ lẹ́yìn náà tí àwọn ebúté àtijọ́ inú ìlú London, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ti ń fi èjìká ru ẹrù, fi kógbá wọlé. Àpótí irin lásán ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé tí ó bá fún ayé rẹ̀ ní ẹnu-ọ̀nà tí ẹrù lè gbà kọjá gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àwọn aláàárù lọ àti ohun tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀, nítorí pé ènìyàn kì í dákẹ́ nígbà tí oúnjẹ bá kúrò lẹ́nu rẹ̀.

A kò sì gbọ́dọ̀ rò pé ẹni tí ó la ọ̀nà ni yóò pinnu ohun tí ọ̀nà náà yóò gbé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Kánò ní 1912, òwú ni àwọn òyìnbó oníṣòwò ń retí láti ilẹ̀ Haúsá. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ṣírò, wọ́n rí i pé ẹ̀pà ni yóò mówó wọlé fún wọn jù, ẹ̀pà sì ni wọ́n kó wá sí ibùdókọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni idán tí ọba dá sílẹ̀ fún ogun lè di ohun tí ìyá ọlọ́mọ fi ń gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.

Ìlú tí ó wà lọ́nà

Láàárín ibi tí a ti gbéra àti ibi tí a ń lọ ni ọ̀pọ̀ ìlú ti rí oúnjẹ jẹ. Olóúnjẹ ọ̀nà, onílé àlejò, awakọ̀-ojú-omi ní ẹsẹ̀ odò, àti oníbodè tí ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń wọlé tí ń jáde fún ọba, gbogbo wọn ni ó ń jẹ lára àkókò tí arìnrìn-àjò ń lò lọ́nà. Ọkọ̀ ojú irin fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lè rí hàn. Nígbà tí irin náà gbéra láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì tẹ̀ síwájú gba Ọ̀ṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, àwọn ìlú tí ó gbà kọjá di ibùdó tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń kọ́ ilé ìtajà sí. Kò gba ìlú Ọ̀yọ́ tàbí Iléṣà, àwọn méjèèjì sì ní láti máa kó ọjà wọn lọ bá a níbòmíràn. Ọkọ̀ ojú irin kúkú ń dúró lójú ọ̀nà. Ìpòórá àti ẹnu-ọ̀nà kì í dúró níbì kankan, nítorí náà gbogbo ìlú tí kò ní ju ipò rẹ̀ lójú ọ̀nà lọ ni yóò di ahoro, èyí tí ó bá ní omi, ilẹ̀ ọlọ́ràá, ojúbọ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tí a kò lè rí níbòmíràn ni yóò sì kù.

Ìrísí ìlú fúnra rẹ̀ yóò yí padà. Onímọ̀ nípa ìrìnnà, Yacov Zahavi, àti lẹ́yìn rẹ̀ Cesare Marchetti nínú àpilẹ̀kọ tí ó kọ ní 1994, ṣàkíyèsí pé káàkiri ayé, ènìyàn máa ń lo nǹkan bíi wákàtí kan lójúmọ́ fún lílọ àti bíbọ̀. Bí ohun ìrìnnà bá yára sí i, kì í ṣe àkókò ni wọ́n ń dín kù, ibi jíjìnnà sí i ni wọ́n ń kó lọ gbé. Ìdí nìyí tí ìlú tí a fi ẹsẹ̀ rìn fi kéré, tí ìlú ọkọ̀ sì fi tàn káàkiri. Níbi tí ìrìn kò bá gba àkókò mọ́, kò sí ohun tí yóò so ibi iṣẹ́ mọ́ ibùgbé. Alágbẹ̀dẹ lè sùn létí òkun kí ó sì máa rọ irin ní àárín aṣálẹ̀. Ta ni yóò wá gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀, ìlú wo ni yóò sì dá a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀?

Ọba, ogun àti odi

Agbára ìjọba kì í kọjá ibi tí ìránṣẹ́ rẹ̀ lè dé. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi di ìjọba ńlá ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ṣùgbọ́n ẹṣin kì í pẹ́ kú nínú igbó nítorí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, ìdí nìyí tí ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Aláàfin kò fi lè jọba lórí igbó bí ó ti jọba lórí ọ̀dàn. Àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, ajẹ́lẹ̀ ni Aláàfin fi sí ibẹ̀, ìyẹn aṣojú tí ń gbé níbẹ̀ tí ń wo bí nǹkan ṣe ń lọ, àwọn ìlàrí sì ni ó ń jíṣẹ́ ọba lọ síwá sẹ́yìn. Ààyè tí ó wà láàárín ìgbà tí ọ̀rọ̀ kúrò ní ààfin àti ìgbà tí ó dé ibi tí ó ń lọ ni ọba kékeré ti ń rí òmìnira díẹ̀ lò. Bí Aláàfin kan nínú ayé àròsọ bá lè yọ sí ààfin ọba kékeré ní ìgbàkígbà, kò nílò ajẹ́lẹ̀ mọ́, ọba kékeré náà kò sì nílò láti jẹ́ ọba mọ́. Lọ́nà kejì, bí àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà bá ní idán kan náà, yàrá tí ọba ń sùn di ojú ogun.

Ogun jíjà pẹ̀lú yóò yí padà. Ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ nínú ogun ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún dá lé lórí. Ìjẹ̀bú dúró láàárín Ìbàdàn àti etíkun, ẹni tí yóò gba ibọn àti ẹ̀tù láti Èkó sì gbọ́dọ̀ bá wọn dọ́rẹ̀ẹ́. Títì tí wọ́n ń ti ọ̀nà wà lára ìdí tí àwọn òyìnbó fi gbógun tì wọ́n ní 1892. Nínú ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká ní ibùdó títí di 1893, Èkìtìparapọ̀, tí ń bá Ìbàdàn jà, rí ohun ìjà gbà nítorí pé ọ̀nà Oǹdó ṣí sílẹ̀ fún wọn nígbà tí ọ̀nà mìíràn há. Nínú ayé tí egbé bá ti di ti gbogbo ènìyàn, kò sí ọ̀nà tí a lè tì, ìlú tí a sàga tì kò ní kú fún ebi, odi ìlú kò sì wúlò mọ́. Eredo, ìyẹn odi àtijọ́ tí a so mọ́ orúkọ Sùngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí yàrà rẹ̀ gùn tó kìlómítà 160, yóò di iṣẹ́ àṣedànù. Ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀ ni odi onídán, ìyẹn ìdènà tí ń ká ìpòórá lọ́wọ́ kò. Ẹni tí ó bá sì mọ bí a ti ń ṣe odi náà ni yóò di alágbára jù lọ ní ilẹ̀ náà, ju ẹni tí ó mọ bí a ti ń pòórá lọ.

Òfin, ìgbèsè àti àrùn

Òfin gbójú lé ara tí a lè mú àti ibi tí a lè tọ́ka sí. Àwọn òṣómàáló, ìyẹn àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, lè dá àwìn nítorí pé wọ́n mọ ilé tí wọn yóò padà wá lóṣòó sí títí oníbàárà yóò fi san owó wọn. Onígbèsè tí ó ní egbé kò ní ilé tí a lè lóṣòó sí. Bí a kò bá lè rí ẹni mú, òwò àwìn yóò kú, àfi bí a bá fi ohun mìíràn dípò ara: ìbúra tí ń jà, orúkọ ìdílé tí yóò bàjẹ́, tàbí ohun ìdógò tí a ti gbà sọ́wọ́ ṣáájú. Ẹ̀rí ilé ẹjọ́ pàápàá yóò dojú rú, nítorí pé kò ní ṣe ẹnikẹ́ni lóore mọ́ pé àwọn ẹlẹ́rìí rí i ní Ìlọrin ní ọ̀sán tí wọ́n pa ènìyàn ní Èkó. Ilẹ̀kùn ilé, àgádágodo àti ìdè irin yóò di ohun ọ̀ṣọ́. Nítorí náà, àwùjọ onípòórá lè padà sí agbo ilé ńlá àti ìdílé tí ń dúró fún ara wọn ju bí ó ti ń lọ sí òmìnira ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kì í rò.

Jíjìnnà tún máa ń dáàbò bo ìlera. Ní 1377, ìlú Ragusa, tí à ń pè ní Dubrovnik lónìí, pàṣẹ pé kí àwọn tí ó ti ibi tí àjàkálẹ̀ àrùn wà dé lọ yà sọ́tọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí wọ́n tó wọ ìlú. Àkókò ni òfin náà ń rà, kí àrùn lè fi ara rẹ̀ hàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé ọ̀fìnkìn burúkú tí àwọn àgbà Yorùbá mọ̀ sí lùkúlùkú dé Èkó, ọkọ̀ ojú irin sì gbé e wọ inú ilẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìyára tí ó gbé ẹ̀pà jáde ni ó gbé ikú wọlé. Níbi tí ẹni tí àrùn ti wọ̀ lára bá lè ná ọjà mẹ́wàá ní ìlú mẹ́wàá kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ayé di agbo ilé kan fún àrùn, oníṣègùn sì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti dá ìrìn dúró, àṣẹ tí ó lágbára ju ti ọba lọ.

Ta ni ó ni idán náà?

Gbogbo ohun tí a ti sọ wá sórí ìbéèrè kan. Ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà ní idán ìrìnnà: kí a bí i mọ́ ọn, kí ó kọ́ ọ, tàbí kí ó rà á. Bí ó bá jẹ́ àbímọ́, yóò bí ìdílé ọlọ́lá tí ń gbé ara wọn níyàwó kí ẹ̀bùn náà má baà jáde nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí ó bá jẹ́ kíkọ́, àwọn tí ń kọ́ni yóò di ẹgbẹ́ awo tí ń pinnu ẹni tí ó yẹ. Bí ó bá jẹ́ rírà, yóò tẹ̀ lé ibi tí owó wà, yóò sì sọ ẹni tí ó jìnnà tẹ́lẹ̀ di ẹni tí ó jìnnà sí i, torí pé aláìní yóò máa fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí kò sí ẹni tí ń tún un ṣe mọ́.

Ẹni tí ó ni ọ̀nà ni ó tún ń yan ibi tí ọ̀nà kọjú sí. Àwọn ojú irin tí ìjọba amúnisìn kọ́ ní Nàìjíríà, ìyẹn ti Èkó àti ti Port Harcourt, láti etíkun lọ sí òkè ọya ni méjèèjì gbà, nítorí pé ohun ọ̀gbìn àti ohun àlùmọ́nì tí yóò kọjá sókè òkun ni a kọ́kọ́ kọ́ wọn fún. Kò sí ojú irin tí ó so ìlà-oòrùn mọ́ ìwọ̀-oòrùn tààrà ní gúúsù. Ẹnu-ọ̀nà onídán tí ọba kan kọ́ yóò hùwà bẹ́ẹ̀: yóò so ìlú tí a ń gba ìsákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ olú-ìlú, kò ní so ìlú méjì tí ó wà lábẹ́ ìsákọ́lẹ̀ mọ́ ara wọn kí wọ́n má baà gbìmọ̀ pọ̀.

Àwọn tí a fi agbára gbé kúrò nílé ni wọ́n fi hàn jù lọ ohun tí ènìyàn ń fẹ́ lára idán yìí. Ní etíkun Georgia ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn erékùṣù Káríbíánì, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà ń sọ ìtàn àwọn baba wọn tí wọ́n dìde nínú oko, tí wọ́n sì fò padà sílé. Kò sí ọjà, kò sí ọba, kò sí ọ̀làjú tuntun nínú ìtàn wọn. Ohun tí idán ṣe níbẹ̀ ni pé ó dá ẹni tí a dè sílẹ̀, ó sì gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Egbé pẹ̀lú, nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, iṣẹ́ ìgbàlà ni ó ń ṣe. Òkun ni wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ, àwọn tí ó ni ọkọ̀ ni ó sì ni agbára. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn olówò ẹrú ni ó ni idán náà, ibi tí wọn ìbá ṣe ìbá ju èyí tí a mọ̀ lọ.

Ìparí

Nínú gbogbo ohun tí a gbé yẹ̀ wò, àbájáde mẹ́ta ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èkíní, ìrìnnà onídán kò ní dín iṣẹ́ ìjọba kù. Yóò fi kún un, nítorí pé ohun tí òkè, odò àti igbó ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, ìyẹn dídá ogun, olè àti àrùn dúró, yóò di ohun tí òfin gbọ́dọ̀ máa ṣe. Èkejì, àǹfààní rẹ̀ yóò kó ara jọ sí ìlú díẹ̀, àfi bí àwùjọ náà bá mọ̀ọ́mọ̀ pín in. Ẹ̀kẹta, ààlà idán ni ó ń bí àwùjọ: bí ó bá nílò kí a mọ ibi tí à ń lọ, àwòrán ilẹ̀ yóò di ohun ìkọ̀kọ̀, bí kò bá lè gbé irin, ìlú alágbẹ̀dẹ yóò ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń wa irin, bí ó bá ní èèwọ̀, àwọn tí ń ṣọ́ èèwọ̀ náà yóò di alágbára.

Nítorí náà, ó yẹ kí òǹkọ̀wé Yorùbá tí ó bá fẹ́ dá irú ayé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó fi iye àti èèwọ̀ sí idán rẹ̀ kí ó tó fún un ní agbára, kí ó sì tọ ipa rẹ̀ lọ dé ọ̀dọ̀ oníbodè, alájàpá, aláàárù àti onígbèsè, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni a ti ń rí bí ayé ṣe yí padà, ju ọ̀dọ̀ akọni tí ó ni oògùn lọ. Ìbéèrè tí ó bá sì fi dán ayé àròsọ rẹ̀ wò náà ni ó yẹ kí ará ìlú fi dán gbogbo ọ̀nà tuntun wò ní ayé gidi, ìbáà jẹ́ ti irin, ti ọ̀dà tàbí ti òfuurufú: ta ni ó la ọ̀nà yìí, ibo ni ó kọjú sí, ta ni yóò sì san owó rẹ̀ láìgbà á kọjá láé?